Ẹ Na Ọwọ́ Ọ̀tún Yín Sókè

Fìdítì,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Àǹtí mi Yínká,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màámi ń kí yín. Àǹtí Tahirah tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa létí títì ń kí yín. Gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi ń kí yín, àfi Pásítọ̀, torí Pásítọ̀ kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí mo fi ohùn rẹ̀ tú ìjọ ká kí àdúrà tó parí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ nọ́ńbà mi. Ẹ ní ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi kò lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, pé bí mo bá ní ohun kan sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa. Mo ti kọ ọ́. Akinolúwa tó ń bá àdúgbò ṣájì fóònù ni yóò yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. JS 3 ni mo ti kúrò níléèwé, ẹ má wo ìkọ̀wé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ọwọ́ Màámi ni. Ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ mọ bí Màámi ṣe ń bó ọsàn. Ọ̀bẹ kì í gbéra. Èèpo á máa yí wálẹ̀ bí ejò tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, kò ní já títí ọsàn á fi wà níhòòhò. Àwọn awakọ̀ Ọ̀yọ́ a máa kọjá gbogbo àwo ọsàn tó kù, wọ́n á wá dúró níwájú Màámi. Àná tó jẹ́ Sátidé, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní kí wọ́n bó díẹ̀ fún òun. Màámi bó ìkíní, wọ́n nà án sí i. Kò gbà á.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ rèé."

Màámi ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Tiwọn ni, Àǹtí mi. Ọ̀bẹ ti wọ àtàǹpàkò wọn, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ìgúnpá, àtàǹpàkò ò sọ fún ẹnì kankan. Ọkùnrin náà wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn làwọn kan ti ń sọ létí títì pé ọsàn Màámi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á máa gbọn ọwọ́ náà bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. Mo máa ń sín wọn jẹ, gbogbo agbo ilé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Láti àná, mi ò sín wọn jẹ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń kíni o, torí bí ẹ bá ní "Ṣé dáadáa ni?", a dúpẹ́ ni wọ́n á sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ń jó lórí wọn.

Èmi ni, ní ohùn ara mi,
Jesse.


Leeds,
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Jesse,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ dé.

Mo pe Màámi. Fídíò ni mo fi pè wọ́n, kí ojú mi lè rí i. Mo ní, "Màámi, ọwọ́ yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ọwọ́ wo? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Mo ní, "Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín sókè kí n rí i." Wọ́n nà án. Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n tú u, wọ́n tilẹ̀ fi ìka jó fún mi. Ọwọ́ tó le koko ni mo rí. Àbí ojú mi náà lo tún fẹ́ jí báyìí?

Jesse, kí ni mo ṣe fún ọ gan-an? Ọjọ́ ìbí mi lo fi ohùn ìyá mi sunkún sí mi létí pé òrùlé ti jó, pé ibi tí àwọn máa sùn ò sí. Oúnjẹ ni mo ń fi bọ́ ìyá arúgbó kan lọ́wọ́. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dà sí ìyá náà láyà. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín ní Fìdítì.

Bí ohun kan bá ń ṣe Màámi lóòótọ́, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ̀wé sí mi. Àwọn ló kọ́ mi ní A, B, D. Àwọn ló ń kọ orin sára pátákó fún ẹgbẹ́ akọrin obìnrin. Bí a bá da ìkọ̀wé ẹgbẹ̀rún èèyàn pọ̀, màá ṣa tiwọn yọ. Ohùn lo lè jí, o ò lè jí ìyẹn.

Padà síléèwé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọláyínká.


Fìdítì,
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kìn-ín-ní, 2024.

Àǹtí mi Yínká,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún wa. Ó ti pẹ́ kí n tó dáhùn, torí pé ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe ò rọrùn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a ti dé. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa fún wọn ní ìpara àti oògùn ìrora, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ló fà á, gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun ló ní irú rẹ̀. Ni Màámi bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Àbọ̀dé lọ ní Ìlọrà, ẹni tó ń fọwọ́ ra iṣan. Ẹ mọ̀ ọ́n, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa súfèé. Ó di ọrùn ọwọ́ Màámi mú, ó ní, "Ìyá, iṣṣṣan ló lọ́. Kókó rèé, mo ti rí i. Màá tẹ̀ ẹ́ rì."

Kókó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ awọ, kò ju hóró àgbálùmọ̀ lọ. Bàbá Àbọ̀dé fi àtàǹpàkò lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Màámi fò sókè bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Wọ́n ní ó ta dé ṣóńṣó ìka. Ó ní, "Àìsàn ló ń jáde lọ yẹn." Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ kí ó lè máa jáde lọ. Kò lọ.

Mo gbé bírò lé wọn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Bírò bọ́. Mo tún gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà tí mo padà wọlé, aṣọ wọn ti tutù fún òógùn, ìwé sì ti ya lápá kan. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn ló kọ ọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Yínká ọmọ mi. Ọwọ́ ń dùn mí díẹ̀. Má jáyà. Olúwa ń bẹ. Ìyá rẹ.

Ẹ dáhùn kíákíá.
Jesse.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì, 2024.

Jesse,

Mo gba ohun tí o ní ìyá mi kọ. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ ìyẹn. Lẹ́tà kan ń gòkè, èkejì ń ṣubú sí kòtò. O ò tilẹ̀ tiraka kí o ṣe é dáadáa.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, ìdajì wọn ni ọwọ́ ń kú lára wọn. Wọ́n ń dè é, ó ń lọ. Mo ti fi ohun tí a fi ń de ọrùn ọwọ́ rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí Màámi, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí wàá fi wọṣọ iléèwé. Mi ò ní kà á.

Ọláyínká.


Fìdítì,
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta, 2024.

Àǹtí mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé mọ́. Mo ń kọ ọ́. Bí ẹ bá bínú, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kà á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màámi sọ ìkòkò ilá kalẹ̀ lórí iná láìfi aṣọ dì í mú. Wọ́n gbàgbé ni. Ẹlòmíràn tó bá gbàgbé, ọwọ́ á rán an létí. Wọ́n gbé ìkòkò náà, wọ́n ń bá Àǹtí Tahirah sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Àǹtí Tahirah ló já ìkòkò gbà lọ́wọ́ wọn, awọ ìka sì bá a lọ.

Òun náà ló kó wa lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ dọ́kítà egungun àti iṣan. Obìnrin kékeré kan ni, ó ń yára sọ̀rọ̀.

"Ìyá, báwo lara?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ọwọ́ yẹn ń dùn yín?"

"Kì í ṣe púpọ̀. Olúwa ń ṣe é."

"Ṣé ó máa ń kú?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni ti ẹ̀ kì í kú?"

Dọ́kítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé a dúpẹ́, pé kì í ṣe púpọ̀. Ó ti ń fa ìwé oògùn yọ. Àǹtí mi, ara mi ò gbà á. Mo dìde, mo ní, "Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sín wọn jẹ."

Màámi ní, "Jesse, jókòó."

Mi ò jókòó. Mo ṣe bí wọ́n ṣe ń jí, bí wọ́n ṣe ń gbọn ọwọ́ dànù. Mo ṣe bí wọ́n ṣe ń fi eyín de bọ́tìnnì. Mo ṣe bí ọ̀bẹ ṣe ń bọ́, bí wọ́n ṣe ń wò ó nílẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jù ú síbẹ̀. Mo ṣe Bàbá Àbọ̀dé, mo tẹ ọrùn ọwọ́ ara mi, mo sì fò sókè bí wọ́n ṣe ń fò. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Màámi ń wò mí bí ẹni tó ṣèèṣì rí òjìji ara rẹ̀ nínú kànga.

Dọ́kítà sọ bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ìka wo?" Mo na àtàǹpàkò, mo na èyí tó tẹ̀ lé e, mo na èyí tó gùn jù. Mo ká ìka tó kéré jù mọ́lẹ̀, torí ìyẹn ò ṣe nǹkan kan rí. Ó fi ìka kan kókó náà pẹ́rẹ́, Màámi lọgun. Ó ní ká lọ ya àwòrán inú rẹ̀ wá.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Ihò tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́. Iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ iná, kó mọ ọ̀bẹ, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá bíi wáyà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ihò náà ló máa ń fún torí wíwú. Nọ́ọ̀sì ò purọ́, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ló gbà. Ti Màámi ṣọ̀wọ́n gan-an, ó ní inú ìwé nìkan lòun ti ń rí i. Kókó kan ló hù lára wáyà náà fúnra rẹ̀, nínú ihò tí kò láyè. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í rìn lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ń fún iṣan náà lọ́rùn. Gbogbo títẹ̀ tí Bàbá Àbọ̀dé ń tẹ̀ ẹ́, iṣan ló ń tẹ̀. Ẹran abẹ́ àtàǹpàkò ti ń gbẹ. Kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ.

Màámi bi í pé, "Ṣé ó ń pani?"

Ó ní, "Rárá, mà."

Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀ nígbà náà." Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé báàgì wọn.

Èmi àti Àǹtí Tahirah bẹ̀ wọ́n láti Ìbàdàn dé Fìdítì. Wọ́n ní láti ìgbà tí Bàámi ti kú, kò sí ohun tó tóbi tí wọ́n ṣe láìjẹ́ pé àkọ́bí gbọ́. Kí Yínká fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn pé kí wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ àwọn fúnra wọn kọ̀ láti pè yín, wọ́n ní àwọn ò ní kó ìpayà bá ọmọ lókè òkun.

Àǹtí mi, mo lè ṣe ohùn yín. Mo mọ bí ẹ ṣe ń fa "Màámi mi" gùn, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ìparí rẹ̀. Mo dán an wò nílé ìwẹ̀, ó jáde gẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí. Ìpè kan péré ni, wọ́n á gbà. Mi ò tíì ṣe é. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì yẹn, irọ́ mi ni wọ́n á bá lọ. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ dáhùn.

Jesse.


Fìdítì,
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2024.

Àǹtí mi Yínká,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Akinolúwa ní ẹ ò tíì ṣí ìwé mi ti Oṣù Kẹta.

Màámi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Irọ́ ni, gèlè ni wọn ò lè dè. Mo ní kí n bá wọn dè é. Mo dè é bí wọ́n ṣe máa ń dè é, mo rọ etí rẹ̀ sí òsì, mo fi abẹ́rẹ́ mú un lẹ́yìn. Wọ́n wo dígí. Wọ́n sunkún, wọ́n tú u.

Wọ́n ń fi ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ de ọwọ́. Kókó wà lábẹ́ rẹ̀.

Jesse.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Jesse, àbúrò mi,

Lánàá, mo ń wẹ̀ fún ìyá arúgbó kan. Mo ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Òsì ló nà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ tí Màámi nà sókè fún mi nínú fídíò, àpá kan wà lára rẹ̀ tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Oko Ìmíní ni àdá ti ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, a kò tíì bí ọ. Èmi ni mo fi ewé dí i kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ọwọ́ òsì ni, Jesse. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi jó fún mi. Mo sì ń rò pé ìwọ nìkan lẹlẹ́tàn nínú ilé wa.

Mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìwẹ̀, mo ṣí gbogbo ìwé rẹ. Mo padà sí èyí tí mo ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kọ. Màámi kì í kọ orúkọ Olúwa kí wọ́n má fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà náà wà níbẹ̀. Ó wọ́, ó já láàárín, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mi ò wò ó dáadáa.

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Màámi mi, Yínká ni. Mo gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà." Wọ́n ní, "Jesse, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí n tó wá bá ọ níbẹ̀." Mo búra, wọn ò gbà. Àfi ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ gbé korobá omi wọlé, tí wọ́n rí ẹnu rẹ ní pípadé, ni wọ́n rí i pé kì í ṣe ìwọ ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni lóòótọ́?"

Wọ́n ti gbà. Mú wọn lọ. Má fi wọ́n sílẹ̀.

Yínká.


Fìdítì,
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹfà, 2024.

Àǹtí mi Yínká,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àìsùn. Màámi wà láàyè, wọ́n wà nílé.

A dúró pẹ́ kí ó tó kàn wá. Nígbà tó kàn wá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ọwọ́ náà kú kó má baà mọ ìrora, wọ́n la ọrùn rẹ̀, wọ́n ṣí ihò náà. Dọ́kítà fi kókó náà hàn mí nínú ìgò. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀rá adìyẹ. Ó ní ó bọ́ kúrò lára iṣan láìjẹ́ pé òun gé iṣan. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nǹkan kékeré báyìí, Àǹtí mi, tí kò lè pa adìyẹ.

Ìrora ti lọ. Wọn ò gbọn ọwọ́ mọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo bi Dọ́kítà ní ìdákọ́ńkọ́ pé ìgbà wo ni ìka á jí. Kò dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá ọmọdé lóhùn. Ó ní iṣan náà ti pẹ́ lábẹ́ ẹrù. Díẹ̀ lè padà. Ẹran tó ti gbẹ lábẹ́ àtàǹpàkò, kí a má retí rẹ̀. Ó ní ká ní a ti wá kí ọdún tó yí ni.

Mi ò kọ èyí láti fi bá yín wí. Òótọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Jesse.


Leeds,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Keje, 2024.

Jesse,

Mo kà á. Mo tún un kà. Kí ọdún tó yí, èmi ni mo ní àfi kí Màámi fọwọ́ ara wọn kọ̀wé kí n tó gbà ọ́ gbọ́.

Màámi sọ lórí fóònù pé ọwọ́ ti ń ṣe dáadáa, pé a dúpẹ́. Mi ò lè bi wọ́n ju ìyẹn lọ, mi ò sì lè gbà á gbọ́. Ìwọ ni mò ń bi. Má fi dídùn sí i. Nígbà tí ọsàn bá dé, wò ó fún mi: ṣé wọ́n lè bó o?

Yínká rẹ.


Fìdítì,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àǹtí mi Yínká,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dúró de ọsàn ni mi ò ṣe kọ̀wé. Ó ti dé.

Láàárọ̀ yìí, Màámi ní àwọn máa jáde sí títì. Wọ́n wọ aṣọ tí kò ní bọ́tìnnì. Wọ́n to ọsàn bí wọ́n ṣe ń tò ó, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn. Awakọ̀ kan dúró, ẹni àtijọ́ ni, ó ní, "Ìyá ọlọ́sàn, a ò rí yín látọjọ́ yìí! Ẹ bó o fún mi, irú tiyín yẹn."

Wọ́n mú ọ̀bẹ. Wọ́n mú ọsàn. Èèpo já. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó já. Ọ̀bẹ wọ inú ọsàn, omi rẹ̀ ṣàn sí wọn nítan. Ẹ̀rín ń bẹ lójú wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, torí oníbàárà ń wò. Ọ̀bẹ wá bọ́. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Wọ́n ní, "Jesse, gbà."

Mi ò bó ọsàn láti tà rí, ẹ mọ̀ mí. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo tẹ orí sí òsì. Mo fi ahọ́n há ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí tiwọn. Mo jẹ́ kí àtàǹpàkò ṣáájú, kí ọ̀bẹ tẹ̀ lé e, ọsàn ni mo sì ń yí, mi ò yí ọ̀bẹ. Mo sín wọn jẹ, Àǹtí mi, ohun tí mo ní mi ò ní ṣe mọ́. Èèpo ń yí wálẹ̀, ó ń yí wálẹ̀, ó kan ilẹ̀ láìjá.

Awakọ̀ náà pariwo, "Háà! Ìyá, ọmọ yìí ti jí ọwọ́ yín gbé!"

Àǹtí Tahirah rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣa èèpo náà nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè gùn gbọọrọ, wọ́n sì kó o sí itan.

Ẹ bi mí bóyá wọ́n lè bó ọsàn. Rárá, Àǹtí mi. Wọn ò lè bó o mọ́.

Nígbà tí mọ́tò náà lọ, wọ́n gbé ọsàn mìíràn fún mi. Kò sí oníbàárà níwájú wa. Wọ́n ní, "Bó o. Rọra ṣe é, kí n rí i."

Mo rọra ṣe é. Wọn ò wo ojú mi. Ọwọ́ ni wọ́n ń wò.

Jesse yín.